Ọjọ́ Tí Wọ́n Lọ Yan Igi Kọ́bọ́ọ̀dù

Obìnrin kan wà tó ń ránṣọ jẹun. Télọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ìyá tó bí i gan-an kì í fi orúkọ mìíràn pè é mọ́. Ìyá yìí ti kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti kọ àtẹ̀gùn ilé tirẹ̀. Ilé Télọ̀ dára, àfi ilé ìdáná nìkan. Omi tó ń jò lábẹ́ síǹkì ti mú ìdí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ rà, ikán sì ti fi èyí tó kù ṣe ilé. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ọ̀kan, ti èkejì á já bọ́.

Télọ̀ ní kí ìyá òun wá bá òun yan igi tuntun. "Ẹ̀yin lẹ máa lò ó jù, Màmá. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa rò pé ilé onílé lẹ wà."

Ohun tó sọ nìyẹn. Èyí tí kò sọ ni pé ẹ̀rù kan ti ń gbé inú òun fún ìgbà díẹ̀. Màmá ti bu iyọ̀ sínú tíì. Màmá ti jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń wá ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ káàkiri yàrá. Ẹ̀rín ni Télọ̀ fi gbogbo rẹ̀ rín. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pè láti òkèèrè, ó ní, "Ara Màmá le bí òkúta. Ọjọ́ ogbó lásán ni." Ó ń rò ó pé ohun tí èèyàn kò bá pè lórúkọ, kò ní í dáhùn.

Ibi iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n lọ pín sí méjì. Iwájú ni wọ́n to àwọn ilé ìdáná àpẹẹrẹ sí: síǹkì tí omi kò dé ibẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù rèǹtè-rente tí kò sí ṣíbí kan ṣoṣo nínú wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń la pákó. Ilẹ̀kùn onírin kan ló wà láàárín wọn. Òórùn pọ́líìṣì àti ti igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Ọ̀gá káfíńtà, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó fi pẹ́ńsùlù há etí, tẹríba fún ìyá àgbà. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Irú igi wo lẹ fẹ́?"

"Èyí tí kò ní í kú ṣáájú mi," Màmá dáhùn.

Ọ̀gá káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Màmá fi ìka kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan, kó, kó, kó, ó sì dẹtí sí i. "Ọmọ mi, eléyìí ń dún bí ikùn ẹni tí kò jẹun àárọ̀."

"Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Lẹ́búlẹ́bú igi ni wọ́n tẹ̀ pọ̀ di pákó. Bí omi bá kàn án, á wú bíi búrẹ́dì."

"Gbé e jìnnà sí mi."

Nígbà tó dé ìdí èyí tí wọ́n fi igi ọ̀gánwó ṣe, ó dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á bí ẹni ń ra ọmọ lẹ́yìn. "Eléyìí," ó ní. "Wo bí ìlà ṣe tò lára rẹ̀." Ara tu Télọ̀. Ẹni tó lè mọ igi yàtọ̀ sí igi báyìí, kí ló fẹ́ ṣe é?

"Àǹtí, ẹ wá wo irin tí a ó fi ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀," ni ọ̀gá káfíńtà wí, ó sì mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Télọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ó gbé irin kan wò, ó gbé òmíràn, ó ní, "Màmá, èwo ló wù yín, dúdú àbí funfun?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ó yíjú padà. Báàgì Màmá wà lórí tábìlì. Màmá kò sí nídìí rẹ̀.

"Màmá?"

Àfi bí ẹ̀rọ ayùn ṣe han goooro lẹ́yìn ilé. Télọ̀ wo ọ̀nà ibẹ̀, ó rí i pé ilẹ̀kùn onírin ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wọ ẹ̀yìn.

Lẹ́búlẹ́bú igi bo gbogbo afẹ́fẹ́ bíi kúrukùru. Ọkùnrin tó ń la pákó kọ ẹ̀yìn sí i, ó fi nǹkan bo etí méjèèjì. Ayùn náà ń yí débi pé ojú kò lè ka eyín rẹ̀ mọ́. Télọ̀ pariwo, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bó ṣe wolẹ̀ báyìí, ó rí sálúbàtà kan nínú lẹ́búlẹ́bú, nídìí tábìlì ayùn gan-an. Ti Màmá ni. Òun fúnra rẹ̀ ló rán okùn rẹ̀ nígbà tó já.

Ó ń wo ilẹ̀, ó ń wá ẹ̀jẹ̀, ó sì ń bẹ ojú ara rẹ̀ pé kó má rí i.

Ọ̀gá káfíńtà ti dé, ó pa iná ẹ̀rọ náà. Ayùn náà kérora títí ó fi dákẹ́. "Ṣé o rí màmá kan tó gba ibí?"

Ọkùnrin tó ń la pákó ṣí etí rẹ̀, ó ranjú. "Mi ò rí ẹnì kankan, ọ̀gá."

Wọ́n wo ẹ̀yìn àwọn pákó tí wọ́n tò dúró ti ògiri. Télọ̀ fẹ́ fi ara gba àárín wọn wọlé. "Ẹ má fọwọ́ kàn án, Àǹtí, á wó lù yín!" ni ọ̀gá káfíńtà ké. Télọ̀ jáde gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó bọ́ sójú títì. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá tẹ̀léra tẹ̀léra, ìyá àgbà kankan kò sí níbẹ̀. Dírẹ́bà kan tó ń fọ ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní òun kò rí ẹni tó jọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá tẹ bíréèkì ni ara Télọ̀ ń bù máṣọ. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀: kí ni mo fẹ́ sọ fún àbúrò mi? Pé irin ni mo ń wò?

Ó sáré padà wọ yàrá iwájú. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Nígbà náà ló gbọ́ ọ: ohùn kan tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, nínú kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan tó wà ní kọ̀rọ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ó di ilẹ̀kùn náà mú. Ẹ̀rù ń bà á láti ṣí i, ẹ̀rù sì ń bà á láti má ṣí i.

Ó ṣí i.

Màmá ká jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ kan láìsí bàtà, òógùn bò ó, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo Télọ̀ lójú kòrókòró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo," ó ní. "Nǹkan kan ń ké lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Ọmọ mi ń bọ̀ wá mú mi."

Láti ìgbà tí Télọ̀ ti dáyé, ìyá rẹ̀ kò sọ "ẹ" sí i rí. "O" ni, ìbáà ṣe ìbínú, ìbáà ṣe ìkẹ́. Àjèjì lèèyàn ń pọ́n lé báyẹn. Ẹ̀rù tó bà á nídìí ayùn lẹ́ẹ̀kan, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Télọ̀ rọra bi í, "Ta ni ọmọ yín, Màmá?"

"Télọ̀ ni. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ọmọ dáadáa ni. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ló kàn pọ̀ jù."

Télọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù náà. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín dúró dè é."

"Ẹ ṣeun," ni Màmá wí, ó sì ká ẹsẹ̀ kò kó lè fún un láyè.

Báyìí ni ìyá àti ọmọ jókòó, tí wọ́n ń dúró de ọmọ. Ọ̀gá káfíńtà dúró lókèèrè, ó ṣe bí ẹni ń to irin. Omijé ń dà lójú Télọ̀, kò nù ún, kí ìyá má baà rí ọwọ́ tó gbé sókè, kí ẹ̀rù tún bà á.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ojú Màmá tó dà bí omi tó ń tòrò. Ó wo Télọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí lo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣe? Wo aṣọ rẹ! Ìwọ tó ń ránṣọ fáyé wọ̀." Ó wo ibi tó wà. "Ta ló kó mi sínú àpótí?"

Télọ̀ dì mọ́ ọn, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

"Àǹtí," ni ọ̀gá káfíńtà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé kí a fi ti igi yìí sí ọjọ́ mìíràn?"

"Rárá. Ọ̀gánwó tí Màmá yàn ni kí ẹ bá wa fi ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ èyí tó ga tó èèyàn, kò gbọdọ̀ sí èyí tí èèyàn lè wọ̀. Ẹ fi gíláàsì sí ilẹ̀kùn àwọn tòkè."

"Gíláàsì kẹ̀?" ni Màmá wí. "Kí gbogbo ayé máa ka abọ́ wa?"

"Kí àwa náà lè máa rí i ni, Màmá."

Kí wọ́n tó délé ni Télọ̀ pe àbúrò rẹ̀. "Màmá kò mọ̀ mí lónìí," ó ní. Àbúrò rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ó ti pẹ́?" "Ó ti pẹ́. Èmi ni mi ò fẹ́ mọ̀."

Àbúrò náà wá. Wọ́n jọ gbé ìyá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà pe àìsàn náà lórúkọ, ó sì ní oògùn lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kan kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ ògiri, Télọ̀ mú Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ariwo má baà dé etí rẹ̀. Màmá ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, ó pa oníbàárà kan lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n padà dé, ilé ìdáná ti pọ́n yòò, ó ń dán. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ilé ta la wà yìí?"

"Ilé wa ni, Màmá."

Ó rọra bojú wo inú rẹ̀. "Ṣé onílé mọ̀ pé a wá?"

Télọ̀ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú ṣinṣin. "Ó mọ̀. Ó ní kí a wọlé wá se omi tíì."

"Èèyàn dáadáa ni," ni Màmá wí, wọ́n sì jọ wọlé.