Adìẹ Mẹ́rin Tí Mo Kó Pamọ́

Adìẹ mẹ́rìnlá ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé, kì í sì í ṣe pé mi ò mọ ohun tó fà á. Àbúrò mi ọkùnrin ni dókítà ẹran tó ń bá àwọn aláàánú òkè òkun ṣiṣẹ́, àwọn tó kó ìbòmú àti ẹ̀rọ àyẹ̀wò wá kí àrùn adìẹ má baà di àjàkálẹ̀ láàárín èèyàn. Ó ti wí i títí ó fi sú wa: bí adìẹ bá ń kú, ẹ pè wá, ẹ má gbé ìkankan kúrò níbẹ̀.

Mo pè é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, mo ti kó mẹ́rin tó ń yé jù sínú apẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rí àrùn, gbogbo adìẹ ni wọ́n máa pa, ara mi ò sì gba àtibẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Wọ́n á tú ilé gbogbo aládùúgbò. Ilé wo ni wọn ò ní tú? Ilé dókítà fúnra rẹ̀. Mo ṣe bí mo gbọ́n!

Ìyàwó rẹ̀, tó lóyún oṣù méje, bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ wọ ilé ìdáná. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ mi mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀ dáadáa."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Lọ́jọ́bọ̀, èsì àyẹ̀wò dé: àrùn náà ni. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n pa gbogbo adìẹ mi, wọ́n sì sin wọ́n. Àbúrò mi wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, èyí tó ti kọ iye adìẹ mi sí tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku mẹ́rin."

"Wọ́n kú. Ajá ló gbé wọn lọ."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sáré délé, pé láti ọjọ́ Ajé ni òun ti ń sùn síbi iṣẹ́, ara ìyàwó òun sì ti ń gbóná láti àná.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ilé rẹ ni wọ́n wà. Èmi ni mo kó wọn lọ. Mo sọ fún ìyàwó rẹ pé o mọ̀."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó pe ilé ìwòsàn pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá. Wọ́n bi í pé ilé ta ni.

"Ilé mi ni."

Lẹ́yìn náà ló pe ìyàwó rẹ̀, ó sì na fóònù sí mi. "Ẹ sọ fún un fúnra yín."

Kí n tó lanu, ìyàwó rẹ̀ ti ń kí mi, ohùn rẹ̀ ti há. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ọ̀kan nínú adìẹ yín ò jẹun láti àná. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ báyìí, mò ń fi ṣíbí fún un lómi."