Fáìlì Màmá Awóyalé

Ẹ má sọ fún ọ̀gá mi o: orí tábìlì ọ́fíìsì ni mo sùn lọ́sàn-án àná, ibẹ̀ ni mo sì ti lá àlá kan.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kí oorun tó gbé mi lọ náà ni mo ń ṣe lójú àlá. Mo ń to fáìlì àwọn tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìkàwé yunifásítì wa rí. Fáìlì mẹ́sàn-án ló wà níwájú mi, oníkálukú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti Màmá Awóyalé nìkan ni mi ò rí. Oṣù mẹ́jọ péré ni Màmá fi ṣe adelé, lọ́dún tí ìjì ká òrùlé wa lọ, wọn kì í sì í fún adelé ní nọ́ńbà. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n á kọ orúkọ àwọn ọ̀gá sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí wọn ò bá rí fáìlì rẹ̀, wọn ò ní kọ orúkọ rẹ̀. Màmá ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an.

Mo bi àwọn fáìlì léèrè. Nọ́ńbà Kìíní wúkọ́.

"Adelé kẹ̀? A ò jọ jókòó rí."

Tábìlì mi dá sí i: "Ní tèmi, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o," mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ni ọ́fíìsì bá gbéra nílẹ̀, ó lọ bà sórí ilé ìkàwé tí kò lórùlé. Màmá Awóyalé ló wà níbẹ̀, ó sá ìwé sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, ó mú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́. Akọ̀wé àgbà yunifásítì dé tòun ti kóòtù àti táì. Kó tó kí wa tán, ó ti di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń mú mi fura tipẹ́.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé adelé dà? Ebi ń pa ìgbìmọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kúrò nídìí ìwé mi!" Màmá sì fi ọ̀pá nà án nídìí.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí, mi ò rí fáìlì yín."

"Ọmọ mi, ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo gbà lọ́wọ́ òjò. Ìwọ gba ẹyọ kan fún mi."

Ojú tì mí. Tábìlì tún ké: "Ẹsẹ̀ mi o!"

Mo jí. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ tábìlì. Wọ́n ti ká fáìlì kan tì í nídìí kó má baà máa mì, omi ìnulẹ̀ ti rin ín gbindin. Kò ní nọ́ńbà. Orúkọ Màmá ló wà lára rẹ̀.

Bí mo ṣe fà á yọ, tábìlì fì, fáìlì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yọ̀ lulẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná. Mo gbé ti Màmá jáde, mo sá a sóòrùn, mo sì jókòó tì í, nítorí ewúrẹ́.