Ewé Mẹ́jọ Lára Àrán

Ọwọ́ aránṣọ kì í gbọ̀n. Ogún ọdún ló ti fi ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ ò gún un kó kígbe rí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, nídìí tábìlì ara rẹ̀, ọwọ́ ọ̀hún ń gbọ̀n rìrì.

Àrán pupa kan ló wà níwájú rẹ̀. Ti ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ni. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ ku apá kan ṣoṣo, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́. Bàbá ọkọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ló ní kó fi apá tó kù rán ìrọ̀rí fún òun, kó tẹ ewé mẹ́jọ sí i lára, kí ìka òun lè máa rí nǹkan rìn lé. Ó wá fi kún un pé, “Ìyàwó mi, má jẹ́ kó kú lẹ́ẹ̀kejì o.” 

Iṣẹ́ ọ̀hún rọrùn lẹ́nu. Wàá gbé pákó tí wọ́n gbẹ́ ewé sí kalẹ̀, wàá da ojú àrán dé e, wàá wọ́n omi díẹ̀ sẹ́yìn aṣọ, wàá gbé irin ìlọṣọ gbígbóná lé e. O ò gbọdọ̀ fà á, o ò gbọdọ̀ tì í. Irun àrán á wó lulẹ̀ níbi tí ewé wà, á di ọnà. Bó bá yá jù, kò ní hàn. Bó bá pẹ́ jù, ó jóná. Aránṣọ kì í wo aago. Orin ló fi ń díwọ̀n àkókò, ẹ̀ẹ̀mejì géérégé:

Ewé, sùn, má jí o,
Iná, rọra, má jó o,
Ọwọ́ mi, dúró jẹ́ẹ́,
Títí orin á fi tán.

Ewé kìíní yọ bí ẹni pé wọ́n gbìn ín. Ìkejì yọ. Ìkẹta ló wà lábẹ́ irin nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi, já wọlé.

“Ìyàwó wa! Irin yìí ò ti gbóná jù báyìí?”

Orin wà lẹ́nu aránṣọ, kò lè dáhùn.

“Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ o! Àbí o ti di ẹ̀fọn tó ń kùn?”

Orin já mọ́ aránṣọ lẹ́nu. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló ti kọ ọ́ ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì? Kò mọ̀. Ẹ̀rù bà á pé ewé ò ní hàn, ló bá tún orin bẹ̀rẹ̀. Kò tíì dé àárín tí òórùn irun sísun fi gba yàrá kan.

Ó yí àrán padà. Ewé kẹta ti le gbagidi, ó ń dán bí ẹ̀yìn aáyán.

“Yéè!” Ẹnu-ò-sinmi rẹ ohùn sílẹ̀. “Rán ibẹ̀ mọ́ inú. Ojú Bàbá kúkú ti fọ́.”

“Ìka wọn ńkọ́, Àǹtí? Bọ́tìnì kan ṣoṣo tí mo pààrọ̀ lára ẹ̀wù wọn, ìka yẹn mọ̀ ọ́n.”

Ó ká àrán lé apá, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá, Ẹnu-ò-sinmi sì tẹ̀ lé e. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ wá gùn bí ìrìn àjò. Ó kúnlẹ̀, ó mú ìka Bàbá, ó gbé e lé ibẹ̀ gan-an.

“Bàbá, mo jẹ́ kó jóná. Ibí yìí ni.”

 Ìka Bàbá lọ, ó bọ̀. Ariwo ni aránṣọ ń retí. 

“Mélòó ló jó?”

“Ọ̀kan, Bàbá.”

“Mélòó lo ò tíì tẹ̀?”

“Márùn-ún.”

“Gbé irin wá, gbé pákó wá. Iwájú mi ni wàá ti tẹ̀ wọ́n.”

Omi bọ́ lójú aránṣọ. “Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ó ń ba èmi náà. Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí ò ń mí gulegule lẹ́nu ọ̀nà yẹn, fọwọ́ bo ẹnu ẹ!”

Ẹnu-ò-sinmi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Irin dé. Ohùn aránṣọ ń gbọ̀n lórí orin, ṣùgbọ́n kò sáré, kò sì falẹ̀. Bó ti gbé irin kúrò tó yí àrán padà ni Bàbá ti na ìka. Ó wá ewé kẹrin títí ó fi rí i, ó tọ etí rẹ̀ yíká.

“Ó ku mẹ́rin,” ni Bàbá wí.