Píìnì Inú Àwòrán

Ẹni tó bá fẹ́ rí aṣọ tí wọn ò rán parí, kó lọ wo ara ọmọ aránṣọ. Ti oníbàárà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rán. Ti ọmọ ẹni lè dúró. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ṣọ́ọ̀bù tí aránṣọ kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ jọ ń lò. Ìyá ọkọ yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì kọ́ ọ ní àṣà tirẹ̀: kí ó máa fi ètè di píìnì mú, àwọn abẹ́rẹ́ kékeré olórí róbótó tí wọ́n fi ń há aṣọ pọ̀ kí wọ́n tó rán an. Bí àwọn méjèèjì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè o. "Hùn-ún" lásán lẹ máa gbọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́ta tí aránṣọ bí, Ìyá Kékeré ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí kò sí ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe tí òun náà kì í ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ ń gé ọrùn aṣọ lọ́wọ́, ó bá wo abẹ́ tábìlì. Ìyá Kékeré jókòó síbẹ̀, ó ń fi àgékù aṣọ wé ọmọláńgidi rẹ̀, ó sì di ètè pọ̀ bí àgbà. Orí píìnì kan ń dán lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Àgbà tó mọ̀ ńkọ́? Kàkà kí aránṣọ rọra bẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ yọ ọ́, igbe ló fi ta. "Yéè! Tu ú dànù!" Ọmọ ta gìrì, ó fa èémí sínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Nígbà tí ikọ́ rọlẹ̀, píìnì ò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Ṣé o gbé e mì ni? Dá mi lóhùn!"

Ọmọ bú sẹ́kún.

Aránṣọ tú ilẹ̀, ó gbọn ọmọláńgidi, kò rí nǹkan kan. Ìyá ọkọ sáré jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó ń ṣe "hùn-ún! hùn-ún!" nítorí píìnì kún ẹnu tirẹ̀ náà. Àfìgbà tó tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó lè sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, wọn ì bá rẹ́rìn-ín títí.

"Fún un lóúnjẹ, kó fi tì í lọ sísàlẹ̀!"

"Rárá, mà. Ọsibítù là ń lọ."

Dókítà yẹ ẹnu ọmọ wò, ó gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ò fún un ní nǹkan kan jẹ," ló wí. "Tó bá lọ sínú ikùn, ó lè bá ìgbẹ́ jáde. Tó bá gba ọ̀nà èémí lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ṣeréṣeré." Ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán inú ara rẹ̀.

Lórí bẹ́ǹṣì, ìyá ọkọ dojú kọ aránṣọ. "Ibo lojú ẹ wà?"

"Ara aṣọ oníbàárà ni, mà."

Ẹ̀rù ń ba aránṣọ gan-an. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó gbé píìnì náà sí ọ̀fun òun, kí ó dá ọmọ òun sí.

Dókítà gbé àwòrán dé, ojú rẹ̀ ò túká. Píìnì gbọọrọ kan wà níbẹ̀, funfun báláú, láàárín àyà. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dókítà ní kí nọ́ọ̀sì tètè múra ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ aṣọ ọmọ. Ló bá kígbe, ó fi ìka sẹ́nu. "Kí ló gún mi báyìí?"

Píìnì ni! Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló fi há àpò mọ́ àyà aṣọ náà, tó ní ọ̀la lòun máa rán an. Ọ̀la ọ̀hún ò sì dé.

Wọ́n tún àwòrán yà, láìsí aṣọ lọ́rùn ọmọ lọ́tẹ̀ yìí, láti ọ̀fun títí dé ìdí. Ó mọ́ fóó.

"Kò gbé nǹkan kan mì," ni dókítà wí, òun náà sì mí kanlẹ̀. "Yóò ti bọ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń wúkọ́. Ẹ fi òòfà wá a kí ọmọ tó padà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má sì fẹnu kó píìnì mọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti rí ọmọ tórí ò bá ṣe é báyìí."

"A ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́," ni ìyá ọkọ wí, ojú tì í. Ó gbá ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ìgbà yẹn ni ẹkún tí aránṣọ ti ń gbé mì láti ọ̀sán tó já. Ara tù ú. Ìyá Kékeré sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Màmá, ṣé píìnì gún yín ni?"

"Ó gún mi, ọmọ mi."

"Níbo?"

Aránṣọ fọwọ́ kan àyà. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, fùú, fùú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún un tó bá farapa.