Fèrè Kí Omi Tó Já

Ọ̀gá afinimọ̀nà fi fèrè sẹ́nu, ó fun ún kíkankíkan, ó sì ní kí gbogbo àlejò dúró níbi tí ọ̀nà igbó ti ṣẹ́ kọ́rọ́.

"Ejò la ń lé. Ẹ fara balẹ̀."

Ọmọbìnrin tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ń wò ó. Ìmọ̀ nípa omi ló fi gboyè ní yunifásítì. Ó mọ̀ pé fèrè kì í lé ejò. Ó tún mọ̀ pé òjò ti dá tipẹ́, pé àbàtà ìsàlẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń dẹ ìgèrè fún ẹja, ti gbẹ táútáú, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì sán bí gìgísẹ̀. Síbẹ̀, bí àlejò bá ti dé, omi a máa já láti orí àpáta. Omi wo? Láti ibo?

"Ọ̀gá, ṣé omi náà ṣì ń wọṣọ ni?" àlejò kan béèrè.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n òkè ni ojú rẹ̀ wà.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó bóyá ejò náà ti lọ, sà," ọmọbìnrin náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọ̀gá. Kò sì sí bó ṣe lè pè é padà níṣojú àlejò.

Ọmọbìnrin náà gba inú igbó gun òkè. Níbẹ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí odò, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn irin sí i láàárín. Omi tó yẹ kó máa ṣàn lọ sí àbàtà ni wọ́n há mọ́bẹ̀ de àlejò. Ọkùnrin kan kẹ́yìn sí i, ó ń yí ọwọ́ irin ilẹ̀kùn náà, bí ẹni tí fèrè ti pè. Ẹ̀yìn náà kò ṣàjèjì sí i.

"Bọ̀dá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fò sókè. "Ta ló rán ẹ wá síbí?"

"Ẹ ní ilé iṣẹ́ pákó lẹ ń ṣọ́."

"Pákó ti tán."

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Omi hó lọ sísàlẹ̀, àtẹ́wọ́ àwọn àlejò sì dìde láti ibẹ̀. Ìwọ̀nba ìgbà tí wọ́n fi ya fọ́tò ni. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn náà padà.

"Màámi máa gbọ́ lónìí," ọmọbìnrin náà wí. "Wọ́n máa mọ ẹni tó gba omi lọ́wọ́ àwọn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ta lo rò pé ó bá mi bẹ ọ̀gá fún iṣẹ́ yìí? Iṣẹ́ tìẹ náà ńkọ́? Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ ni, pé inú rẹ kì í pẹ́ ru."

Ó dúró gbagidi. Gbogbo ènìyàn ni ọmọbìnrin náà ti fura sí, àfi ẹni tó ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ìyá wọn, tó máa ń tìtorí ewé kan ṣoṣo bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí ibi tí omi àbàtà gbà lọ.