Owó Tó Kù Nínú Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ báǹkì tún ti káàdì náà jáde, bí ọmọ ọwọ́ tó fi ahọ́n ti oògùn síta.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ káwa náà fọwọ́ kàn án," ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn rẹ̀ wí. "Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ọkọ yín tẹ́ ẹ ó fi máa bẹ̀ ẹ́."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Màmá náà, tó jẹ́ alágbàfọ̀, ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ káàdì rẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ti ń fọ aṣọ ibùsùn ti san owó oṣù láàárọ̀ yẹn. Fóònù rẹ̀ dún, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé owó wọlé. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe wá ní òun ò lè fún un ní nǹkan kan?

Àkáǹtì òun àti ọkọ rẹ̀ ni, àmọ́ ọkọ ló ń mú káàdì nígbà ayé rẹ̀. Káfíńtà ni. Nígbà òjò tó kọjá ni àìsàn mú un lọ. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ín, obìnrin yìí lọ sí ìdí ẹ̀rọ pẹ̀lú ọkàn pé òfìfo lòun máa bá, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ilé ìwòsàn gbé mì bíi tirẹ̀. Iye tó yọ lójú ẹ̀rọ tóbi débi pé ó ṣẹ́jú, ó tún un wò. Ló bá bú sẹ́kún. "Ẹ ṣeun, bàbá ọmọ mi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣé bó ṣe ń rọra kó owó pamọ́ dè é nìyẹn?

Látọjọ́ náà, kò gbowó níbẹ̀ rí kó má dúpẹ́. Ó fi san owó ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó fi ra bàtà tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú mọ́ níbi iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ òkúta dáadáa sórí ibojì ọkọ rẹ̀. Tó bá ń padà sílé, á máa kọ orin tí káfíńtà máa ń kọ nídìí pákó, á máa mi orí bí ìyàwó tuntun. Opó ni lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń bọ́, ṣé opó pátápátá nìyẹn?

Ó wọ inú báǹkì lọ. Ọmọbìnrin kan tó gbé gíláàsì lé góńgó imú yí ojú kọ̀ǹpútà sí i.

"Màmá, owó oṣù yín wọlé. Gbèsè ló gbé e mì."

"Gbèsè wo, ọmọ mi? Mi ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Báǹkì lẹ yá a lọ́wọ́ rẹ̀, ma. Nígbà tí bàbá wà, wọ́n bá wa ṣàdéhùn pé tí owó wọn bá tán, ká ṣì jẹ́ kí wọ́n lè gbà kọjá ohun tó wà nílẹ̀, títí dé ìwọ̀n kan. Wọ́n fi ń ra pákó. Tí oníbàárà bá ti sanwó iṣẹ́, wọ́n á dá a padà pẹ̀lú èlé. Wọn ò jẹ́ kó pẹ́ rí."

"Kò sọ fún mi."

"Bóyá wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa dààmú ni. Iye tẹ́ ẹ wá ń rí lójú ẹ̀rọ, tiyín àti èyí tí báǹkì lè yá yín ló pa pọ̀ síbẹ̀. Tiyín ti tán kí wọ́n tó sin bàbá."

Alágbàfọ̀ náà wo ojú kọ̀ǹpútà títí, bí ẹni ń wá ojú èèyàn nínú èrò.

"Gbogbo èyí tí mo ń gbà láti ọjọ́ yìí..."

"Ti báǹkì ni, màmá."

"Kì í ṣe òun ló ń bọ́ mi?"

Ọmọbìnrin náà bọ́ gíláàsì, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní màmá ti dé òpin ìwọ̀n tí báǹkì fún un. Bí nǹkan bá wà báyìí, gbogbo owó tó bá wọlé ni gbèsè á máa jẹ, èlé á sì máa gorí èlé. Àmọ́ tó bá lè dá díẹ̀ padà, àwọn á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yáwó náà pa, kó máa san ìyókù ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí owó oṣù lè máa kàn án lọ́wọ́.

"Tẹ́ ẹ bá tì í, kí ni màá máa rí lójú ẹ̀rọ?"

"Ohun tó jẹ́ tiyín nìkan, ma."

"Ẹ jẹ́ n lọ rò ó wò," ó wí. Ó dìde, ó gbàgbé àpò rẹ̀ sórí àga, ọmọbìnrin náà ló sáré mú un bá a.

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ ni ọ̀dọ̀ agbẹ́-òkúta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ òkú. Ọkùnrin náà funfun látòkè délẹ̀, bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé lórí.

"Ìyá, ẹ ti mú ìyókù owó wá?"

"Èyí tí mo san ni mo wá gbà."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú obìnrin náà, ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó ká àpò tó fi bo òkúta kúrò. Ẹ SÙN ló ti gbẹ́ síbẹ̀. RE, BÀBÁ WA ló kù. Alágbàfọ̀ fi ìka tí ọṣẹ ti bó láwọ̀ tẹ̀ lé ojú lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jinlẹ̀, ó sì dán.

"Màá yí i padà, màá gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fún ẹlòmíì," ọkùnrin náà wí níkẹyìn. "Owó iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan ni màá yọ. Oníbàárà tèmi ò kúkú ní tán láyé."

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn, apá rẹ̀ ká mọ́ra. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé.

"Màmi, wọ́n ní ẹ gba owó òkúta padà. Igi lẹ fẹ́ ká rì mọ́ orí bàbá mi? Kí làwọn èèyàn máa pè wá?"

"Igi ni bàbá ẹ fi tọ́ ẹ."

"Mi ò ṣeré, Màmi."

"Èmi náà ò ṣeré. Jókòó."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ìdí ẹ̀rọ dé orí èlé. Ọmọ náà ò já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ jíjá lu ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ látìgbà tó ti ní eyín.

"Owó ilé tẹ́ ẹ san fún mi ńkọ́?"

"Ti báǹkì ni."

"Ẹ ní bàbá ló fi sílẹ̀."

"Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn."

Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ wa èérún pákó tó wà nílẹ̀. "Mo ti ń rò ó pé ó mọ̀ pé ilé máa dà mí láàmú," ó wí. "Mo ti ń rò ó pé èmi ló ń rò kó tó kú." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, àwọn méjèèjì sì sunkún káfíńtà náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú láàárọ̀ yẹn.

Nígbà tó ṣe, ìyá dìde. Pákó kan fara ti ògiri, èyí tí ọkọ rẹ̀ fá dán tí kò rí ohun tí yóò fi ṣe. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì iṣẹ́, ó na téèpù.

"Di ìdí ẹ̀ mú fún mi."

Ọmọ di í mú. Ìyá fi pẹ́ńsùlù fàlà, ó gbé ayùn. Lẹ́yìn náà ó gbé ayùn sílẹ̀, ó tún téèpù nà. Orin náà ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó mọ̀:

*Wọ̀n ọ́n kó o tó gé e,*
*Igi tá a gé kúrú kì í gùn mọ́.*
*Wọ̀n ọ́n, tún un wọ̀n,*
*Káyùn tó fẹnu kàn án.*

Ọdún mélòó ló ti ń gbọ́ ọ, tó ń bá a gbè é, tó rò pé ọ̀rọ̀ igi ni?

"Màmi, ó ti pé," ọmọ wí.

"Mo mọ̀. Jẹ́ n tún un wọ̀n."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó kó owó òkúta lọ bá ọmọbìnrin onígíláàsì. "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn fún mi," ó wí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tì í, wọ́n sì tú díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú owó oṣù tí gbèsè gbé mì.

Bó ṣe jáde, ó yà sí ìdí ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó tò síbẹ̀. Ó ki káàdì bọ̀ ọ́, ó sì tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Iye kékeré kan yọ, tí kò ju ohun tí yóò jẹ títí oṣù á fi parí, tó bá ṣọ́ ọ jẹ. Tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ ti là láti dúpẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ sùn re," ó wí.

Ó gba káàdì rẹ̀, ó fi sápò, ó sì kọjú sí ọ̀nà ibi iṣẹ́.