Olè Tó Padà Lọ Ti Ilẹ̀kùn

Kíkọ ni obìnrin náà ń kọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìwé ìtàn ọ̀daràn kan ló wà níwájú rẹ̀, ìwé àkọ́kọ́ ẹni tó kọ ọ́. Olóòtú ìwé ìròyìn tí obìnrin náà ń kọ àgbéyẹ̀wò ìwé fún ti sọ fún un pé ohun tó bá sọ nípa rẹ̀ ni àwọn èèyàn yóò tẹ̀ lé: bó bá ní kò dára, kò sẹ́ni tí yóò rà á.

Olè inú ìwé náà kó ẹrù onílé tán, ó ti dé ìdajì ọ̀nà, òjò ṣú, ló bá sáré padà lọ ti ilẹ̀kùn kí omi má baà wọ yàrá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

"Irọ́ nìyí," obìnrin náà kọ ọ́ gàdàgbà, ó sì kà á sókè. "Kò sí olè tó gọ̀ tó báyìí láyé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Kò sí kẹ̀? Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Ṣé èmi ń jó ni? Ta ló jí rédíò onígbàjámọ̀, tó tún gbé e lọ bá onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ kejì pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń tan nǹkan yìí?'"

Ó fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín bú mọ́ ọn lẹ́nu. Àbúrò bàbá wọn! Bó bá fẹsẹ̀ kọ òkúta, òkúta ló ń kí ní pẹ̀lẹ́. Bó bá bó ọsàn, àwọn ọmọ ni yóò fún tán, òun á máa lá èèpo. Ẹ̀wọ̀n ló kú sí, bàbá wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nílé mọ́.

"Kí ni Bọ̀dá tilẹ̀ fẹ́ fi rédíò ṣe?"

"Ìwọ lò ń sunkún pé o fẹ́ gbọ́ orin. Àbí o ti gbàgbé?"

Ó fa ìlà gbọọrọ sórí ohun tó kọ, ó sì tún un kọ: "Àpèjúwe àwọn ọlọ́pàá gùn jù, ọ̀rọ̀ ló ń fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n irú olè yìí wà. Ẹni tó bá ti ní irú rẹ̀ nílé rí yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ rà á."

Ó ká ìwé náà, ó mú agbòòrùn, ó di ẹnu ọ̀nà.

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Àbí ó di ìdajì ọ̀nà kó o tó padà wá tì í?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fà á dé, ó bá tirẹ̀ lọ.